Àkọsílẹ̀ Ayédèrú nínú Ìdánwò Okun Ara Àwọn Ológun: Bí A Ṣe Lè Fi Òtítọ́ Inú Bójú Tó O àti Ẹ̀kọ́ Tí Ó Kọ́ Olùkọ́

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí dá lórí àkọsílẹ̀ ayédèrú nínú ìdánwò okun ara àwọn ológun, ìyẹn nígbà tí ohun tí a kọ sínú ìwé bá yàtọ̀ sí ohun tí ẹni tí a dán wò ṣe lórí pápá. A ṣàlàyé ohun tí ó ń fa irú ìwà bẹ́ẹ̀, a wo àwọn tí ó ń jìyà rẹ̀, a sì to ọ̀nà tí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bá dé bá lè gbà bójú tó o láìpurọ́ àti láìba ayé ẹlòmíràn jẹ́. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, Nàìjíríà lápapọ̀ àti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni a ti mú àpẹẹrẹ wa. Èrò tí a gbé kalẹ̀ ni pé àkọsílẹ̀ ni ojú fún ẹni tí kò sí níbi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Ẹni tí ó bá yí i padà ti fọ́ ojú náà. Ní ìparí, a fi hàn pé ọ̀rọ̀ yìí kan olùkọ́ tí ó ń kọ máàkì àti rẹ́jísítà gẹ́gẹ́ bí ó ṣe kan sájẹ́ǹtì tí ó ń kọ iye ìṣẹ́jú tí ṣójà fi sáré.

1.0 Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó gbin ọgọ́rùn-ún èbù tí ó ní òun gbin igba, bí ó bá jẹ ọgọ́rùn-ún tí ó gbìn tán, yóò jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́ tí ó pa. Òwe àgbẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àkọsílẹ̀ ni ó dá lé. Iye kan wà nínú ebè, iye mìíràn wà lẹ́nu. Níwọ̀n ìgbà tí oúnjẹ bá ṣì wà nínú abà, kò sí ẹni tí yóò mọ ìyàtọ̀ àárín méjèèjì. Ìgbà tí ebi bá dé ni àlàfo náà yóò hàn.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ ìdánwò okun ara rí nínú iṣẹ́ ológun. Wọ́n máa ń ka iye ìgbà tí ènìyàn lè fi ọwọ́ méjèèjì ti ara rẹ̀ sókè kúrò nílẹ̀. Wọ́n máa ń wo iye ìṣẹ́jú tí ó fi sá eré kan tán. Wọn yóò sì kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù. Fọ́ọ̀mù yìí ni yóò rin ìrìn àjò lọ sí ọ́fíìsì. Ó lè jẹ́ òun ni wọn yóò wò kí wọ́n tó gbé ènìyàn ga lẹ́nu iṣẹ́, tàbí kí wọ́n tó yan ẹni tí yóò lọ sójú ogun. Àwọn tí ó ń lo fọ́ọ̀mù náà kò sí lórí pápá lọ́jọ́ ìdánwò. Ohun tí wọ́n ní kò ju ohun tí a kọ fún wọn lọ.

Ìbéèrè mẹ́ta ni iṣẹ́ yìí fẹ́ dáhùn. Èkíní, kí ni a ń pè ní àkọsílẹ̀ ayédèrú? Èkejì, kí ló dé tí ènìyàn tí kì í ṣe olè fi ń kọ irọ́ sínú ìwé ìjọba? Ẹ̀kẹta, kí ni ó yẹ kí ẹni tí ó bá rí i ṣe? Ó lè dà bí ẹni pé ìbéèrè àwọn ológun nìkan ni wọ̀nyí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ láti Iléṣà, Òṣogbo àti agbègbè wọn ni ó ń gba fọ́ọ̀mù iṣẹ́ ológun lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ girama. Lára ìwé àkọ́kọ́ tí wọ́n ń mú lọ́wọ́ lọ ni èyí tí olùkọ́ kọ. Bí ìwé náà bá ṣe jẹ́ òtítọ́ tó ni ọ̀nà wọn yóò ṣe tọ́ tó.

2.0 Ìyàtọ̀ láàárín àṣìṣe àti ayédèrú

Kì í ṣe gbogbo àkọsílẹ̀ tí kò tọ̀nà ni ayédèrú. Ó ṣe pàtàkì kí a ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀, nítorí ẹni tí ó bá pe alásìíṣe ní òpùrọ́ ti ṣe é níbi, ẹni tí ó bá sì pe òpùrọ́ ní alásìíṣe ti ba iṣẹ́ jẹ́.

Àṣìṣe ni kí pápá tí a ní ó jẹ́ 400 mítà máà tó bẹ́ẹ̀ nítorí pé a kò fi okùn wọ̀n ọ́n. Ẹni tí ó yípo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà yóò rò pé òun ti sá 2,400 mítà, kò sì rí bẹ́ẹ̀. Àṣìṣe ni kí ẹni tí ó di aago mú gbàgbé láti tẹ̀ ẹ́ nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀. Irú rẹ̀ tí gbogbo wa mọ̀ ni ti ìkànìyàn. Nínú ìkànìyàn Nàìjíríà ti ọdún 1991 àti ti 2006, àwọn tí ó sọ pé ọjọ́ orí àwọn jẹ́ 30, 35, 40 tàbí 45 pọ̀ ju àwọn tí ó sọ 31 tàbí 39 lọ ní ọ̀nà tí kò bá ti ẹ̀dá mu. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ tan ìjọba jẹ. Ọ̀pọ̀ wọn kò ní ìwé ìbí, wọ́n sì fi ojú wọ̀n ọ́n.

Ayédèrú yàtọ̀. Ẹni tí ó kọ ọ́ mọ òtítọ́, ó sì kọ ohun mìíràn. Ọ̀nà mẹ́rin ni ó sábà máa ń gbà wáyé nínú ìdánwò okun ara:

(i) kí a yí iye padà, kí ẹni tí ó gba máàkì 59 di ẹni tí ó gba 60;
(ii) kí a máà ṣe ìdánwò náà rárá, kí a sì jókòó sí ọ́fíìsì kọ iye síwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan;
(iii) kí ẹnìkan ṣe ìdánwò lórúkọ ẹlòmíràn;
(iv) kí a ka ohun tí kò pé mọ́ èyí tí ó pé, bíi kí a ka ìgbà tí àyà kò sún mọ́ ilẹ̀ rárá pọ̀ mọ́ ìgbà tí ó sún mọ́ ọn.

Ọ̀nà kẹrin yìí ni ó burú jù láti mú, nítorí pé ohun tí a rí ni a kọ, ṣùgbọ́n ojú ni a dì nígbà tí a ń rí i.

3.0 Ojú ni ẹ̀rí tẹ́lẹ̀

Láwùjọ Yorùbá àtijọ́, okun ara kì í ṣe ohun tí a ń kọ sínú ìwé. Ojú gbogbo ènìyàn ni a ti ń dán an wò. Nínú ìjàkadì, ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kan ilẹ̀ ti ṣubú. Àwọn òǹwòran yí i ká, onílù ń bẹ níbẹ̀, ọmọdé ń bẹ níbẹ̀. Kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè délé sọ pé òun ni òun dá ẹnìkejì.

Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà mọ iye tí irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ níye lórí. Nígbà Ogun Kírìjì tí ó bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1877, tí a sì bu ọwọ́ lu ìwé àdéhùn àlàáfíà rẹ̀ ní ọdún 1886, Ìmèsí-Ilé ni àwọn ọmọ ogun Èkìtì Parapọ̀ dó sí, àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn sì dó sí Igbájọ. Ògèdèǹgbé ti Iléṣà ni aṣáájú ogun Èkìtì Parapọ̀. Nínú ogun tí ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, okun ẹni tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni kì í ṣe ohun tí a ń gbọ́ lẹ́nu lásán. Ẹni tí kò lè sáré kì í parọ́ eré fún ẹni tí wọ́n jọ ń sá.

Lẹ́yìn ogun, nígbà tí àwọn Ìjẹ̀ṣà di oníṣòwò aṣọ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, àkọsílẹ̀ di ohun èlò iṣẹ́ wọn. Àwọn òṣómàáàló ń tajà láwìn láti abúlé dé abúlé, wọ́n sì ń padà lọ gba owó nígbà tí ó bá tó àkókò. Orúkọ wọn gan-an sọ ìtàn náà: olówó yóò lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà títí yóò fi gba owó rẹ̀. Òwò yìí kò lè dúró láìsí iye tí ó dájú. Bí oníṣòwò bá fi sílè kan kún gbèsè oníbàárà, oníbàárà kò ní rà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, gbogbo abúlé yóò sì gbọ́. Bí oníbàárà bá sẹ́ gbèsè, kò ní rí aṣọ gbà láwìn mọ́. Ohun tí ó mú kí àkọsílẹ̀ wọn jẹ́ òtítọ́ ni pé ẹni méjì mọ iye kan náà.

Ìyàtọ̀ àná àti òní hàn kedere níhìn-ín. Nígbà tí ìwé gba ipò ojú, ẹni kan ṣoṣo lè jókòó sí kọ̀rọ̀ kí ó sì ṣe ẹlẹ́rìí fún ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Gbogbo àtúnṣe tí a ó dárúkọ ní ìsàlẹ̀ kò ju ọ̀nà tí a fi lè dá ojú padà sínú ìwé lọ.

4.0 Ìdánwò náà àti òfin tí ó dè é

Ọ̀kan nínú àwọn ìdánwò eré sísá tí ó gbajúmọ̀ jù lọ lágbàáyé bẹ̀rẹ̀ láti iṣẹ́ ológun. Ní ọdún 1968, Kenneth Cooper, dókítà ní ilé iṣẹ́ ológun òfurufú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gbé ìdánwò eré ìṣẹ́jú 12 jáde. Bí ènìyàn bá ṣe jìnnà tó láàárín ìṣẹ́jú náà ni a ó fi díwọ̀n bí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ṣe lágbára tó. Ìdánwò yìí wọ ilé-ẹ̀kọ́ wa pẹ̀lú, ó sì jẹ́ ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀kọ́ ìlera àti eré ìdárayá mọ̀ dunjú. Láti ọdún 1980, fún nǹkan bí ogójì ọdún, ohun mẹ́ta ni àwọn ṣójà orí ilẹ̀ Amẹ́ríkà ń ṣe: kí wọ́n ti ara sókè kúrò nílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 2, kí wọ́n dìde jókòó láti orí ìdùbúlẹ̀ fún ìṣẹ́jú 2, kí wọ́n sì sá eré máìlì 2, èyí tí ó jẹ́ 3.2 kìlómítà. Máàkì 100 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, 60 sì ni ààlà àṣeyege.

Ní Nàìjíríà, àyẹ̀wò bẹ̀rẹ̀ kí ènìyàn tó wọṣẹ́. Ìkéde tí ilé iṣẹ́ ológun orí ilẹ̀ fi ń pe àwọn tí yóò gbà máa ń sọ pé kí ọkùnrin ga tó mítà 1.68, kí obìnrin ga tó mítà 1.65, kí ara wọn le, kí wọ́n sì ní ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí. Nọ́ńbà ni gbogbo èyí. Ibikíbi tí nọ́ńbà bá sì ti di ẹnu ọ̀nà, ẹnìkan yóò wà tí yóò fẹ́ yí nọ́ńbà kí ilẹ̀kùn lè ṣí.

Òfin kò dákẹ́ lórí rẹ̀. Òfin àwọn ológun Nàìjíríà, tí ó wà ní orí A20 nínú àkójọ òfin orílẹ̀-èdè yìí ti ọdún 2004, ka kíkọ irọ́ sínú ìwé iṣẹ́ ológun sí ẹ̀ṣẹ̀ tí a lè torí rẹ̀ gbé ènìyàn lọ sí ilé ẹjọ́ àwọn ológun. Ẹni tí ó kọ ọ́ àti ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ fọwọ́ sí i ni ọ̀rọ̀ kàn. Nítorí náà, ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ bá sọ fún pé kí ó ṣáà fọwọ́ sí i gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó wà lórí ìwé náà, kì í ṣe ọwọ́ ọ̀gá.

5.0 Kí ló ń fa àkọsílẹ̀ ayédèrú?

Ó rọrùn láti sọ pé ìwà burúkú ni. Ìwádìí fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

5.1 Iṣẹ́ tí ó ju àkókò lọ: Ní ọdún 2002, Leonard Wong, olùwádìí ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ogun ti àwọn ológun orí ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣírò ohun tí òfin ní kí ọ̀gá ẹgbẹ́ ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan kọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ láàárín ọdún kan. Iṣẹ́ náà gba ọjọ́ 297. Ọjọ́ tí ó wà nílẹ̀ fún un kò ju 256 lọ. Síbẹ̀, ìròyìn tí ó ń lọ sókè ń sọ pé iṣẹ́ ń parí. Ní ọdún 2015, òun àti Stephen Gerras tún tẹ ìwádìí mìíràn jáde lórí irọ́ nínú iṣẹ́ ológun. Wọ́n rí i pé àwọn ọ̀gá tí ó ka ara wọn sí olóòótọ́ ti mọ́ra láti máa fọwọ́ sí ohun tí kò ṣẹlẹ̀, débi pé kò dun ọkàn wọn mọ́. Ẹni tí a bá gbé ẹrù tí kò ṣeé rù lé lórí, tí a sì kọ̀ kí ó sọ pé ó wúwo, yóò kọ́ bí a ṣe ń purọ́.

5.2 Ìbẹ̀rù: Ní oṣù kìíní ọdún 2014, ọ̀rọ̀ ńlá kan bẹ́ sílẹ̀ ní ibùdó Malmstrom ní ìpínlẹ̀ Montana, níbi tí àwọn ológun òfurufú Amẹ́ríkà ti ń ṣọ́ àwọn ohun ìjà ńúkílíà. Wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀gá kéékèèké ń fi ìdáhùn ìdánwò oṣooṣù ránṣẹ́ sí ara wọn, àwọn mìíràn sì mọ̀ láìsọ. Ìdánwò ìmọ̀ iṣẹ́ ni, kì í ṣe ti okun ara, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan náà ni. Máàkì 90 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó tó láti yege. Àwọn tí ó ń dán wọn wò kò gbà pé 90 tó. Ẹni tí kò bá gba 100 kò ní gòkè. Ní oṣù kẹta ọdún náà, wọ́n yọ àwọn ọ̀gá mẹ́sàn-án nípò níbẹ̀. Àwọn wọ̀nyí kọ́ ni ó jí ìdáhùn. Ibi iṣẹ́ tí irú rẹ̀ ti hù ni a bi wọ́n léèrè.

5.3 Àánú àti ẹbí: Ní ilẹ̀ wa, ohun tí ó sábà máa ń bí i ni ọ̀rọ̀ tí ó dùn létí: 'Ẹ ràn án lọ́wọ́.' Ọmọ àbúrò ni, ọmọ ìjọ ni, ará ìlú kan náà ni. Ẹni tí ó kọ̀ ni a ó pè ní ọ̀dájú. Yorùbá sì mọ̀ pé òtítọ́ dé ọjà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni a fi ń ra èké.

5.4 Ipò ẹni tí ń dánni wò: Bí kọ́pùrù bá ní láti dán ọ̀gá rẹ̀ wò, tàbí tí ọ̀gá kan bá ń dán àwọn tirẹ̀ wò, tí àṣeyege wọn sì jẹ́ ògo rẹ̀, aago tí ó dì mú kì í ṣe aago òmìnira.

6.0 Ta ni ó ń san gbèsè irọ́ náà?

Àwọn ènìyàn rò pé àkọsílẹ̀ ayédèrú kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ẹni tí ó kọ́kọ́ ń jìyà rẹ̀ ni ẹni tí a ní a ṣàánú. Máàkì tí ó kéré máa ń sọ nǹkan: ó lè jẹ́ pé orúnkún ń dun ṣójà náà, ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru, ó lè jẹ́ pé kò jẹun dáadáa. Bí a bá kọ 60 sí ibi tí 45 wà, kò sí dókítà tí yóò pè é, kò sí olùdánilẹ́kọ̀ọ́ tí yóò mú un lọ sí pápá. A ti fi àánú dí ẹnu àìsàn rẹ̀.

Ẹnìkejì ni ẹni tí yóò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìwé sọ pé àwọn ogún lè gbé ẹrù dé ibì kan. Bí ó bá jẹ́ pé méjìlá ni ó lè ṣe é, àwọn méjìlá náà ni yóò gbé ẹrù ogún, wọn yóò sì tún gbé àwọn mẹ́jọ.

Ẹ̀kẹta ni ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Nàìjíríà ti tọ́ èyí wò nínú eré bọ́ọ̀lù. Ní ọdún 1989, àjọ FIFA rí i pé ọjọ́ ìbí tí a kọ fún agbábọ́ọ̀lù mẹ́ta nínú ìdíje Òlíḿpíìkì ọdún 1988 yàtọ̀ sí èyí tí a ti kọ fún wọn nínú àwọn ìdíje ìṣáájú. Ìwé ẹni mẹ́ta ni ó tako ara rẹ̀. Gbogbo ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ọ̀dọ́ Nàìjíríà ni wọ́n dá dúró fún ọdún méjì, ìdíje àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ ti ọdún 1991 tí ó yẹ kí ó wáyé ní ilẹ̀ wa sì bọ́ sọ́wọ́ ilẹ̀ Pọtogí. Ọ̀dọ́ tí ìwé ìbí rẹ̀ jẹ́ òtítọ́, tí ó sì ti ṣe ìmúrasílẹ̀, jókòó sílé nítorí nọ́ńbà tí ẹlòmíràn kọ.

7.0 Bí a ṣe lè bójú tó o pẹ̀lú òtítọ́ inú

Bí ẹnìkan bá rí àkọsílẹ̀ tí ó fura sí, tàbí tí wọ́n bá ní kí ó kọ ọ̀kan, ìgbésẹ̀ wọ̀nyí ni a rò pé ó tọ́.

(i) Má fọwọ́ sí i. Èyí ni ìpìlẹ̀. Ènìyàn lè kọ̀ láìṣàfojúdi: 'Ẹ jọ̀wọ́, sà, n kò sí níbẹ̀ nígbà tí ó sáré, n kò lè fọwọ́ sí i. Bí ẹ bá gbà mí láyè, màá dán an wò lọ́la.' Ọ̀rọ̀ yìí bọ̀wọ̀ fún ọ̀gá, ó fún un ní ọ̀nà àbáyọ, kò sì purọ́.

(ii) Wádìí kí o tó fẹ̀sùn kan ènìyàn. Àwọn àmì kan wà. Bí máàkì púpọ̀ bá tò sí ẹ̀gbẹ́ ààlà àṣeyege, tí 60 àti 61 pọ̀, tí 58 àti 59 kò sí rárá, ó yẹ kí a bèèrè. Bí iye ìṣẹ́jú ẹni ogún bá jọ ara wọn, bí gígègé kan náà àti ọwọ́ kan náà bá kọ gbogbo rẹ̀, bí ọjọ́ ìdánwò bá bọ́ sí ọjọ́ ìsinmi, ó yẹ kí a bèèrè. Àmì kì í ṣe ẹ̀rí. Ó kàn ń sọ ibi tí a ó wò ni.

(iii) Pa ìwé àkọ́kọ́ mọ́. Ẹni tí ó bá ya ìwé ayédèrú láti kọ òmíràn ti ṣe ayédèrú kejì, bí ohun tí ó kọ tilẹ̀ jẹ́ òtítọ́. Ìlà kan ṣoṣo ni kí a fà sórí iye tí kò tọ́, kí ó ṣì ṣeé kà. Kí a kọ èyí tí ó tọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kí a fọwọ́ sí i, kí a sì kọ déètì. Àtúnṣe tí ó hàn kì í ṣe àbùkù.

(iv) Tún ìdánwò náà ṣe ní gbangba. Kí ẹni tí kò sí lábẹ́ ọ̀gá kan náà di aago mú, kí ẹnìkejì máa kà. Ní ọdún 2010, àwọn ológun òfurufú Amẹ́ríkà gba ìdánwò okun ara kúrò lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi í sọ́wọ́ àwọn tí iṣẹ́ wọn kò ju ìdánwò lọ ní ibùdó kọ̀ọ̀kan. Òye tí ó wà nínú rẹ̀ ni pé kí ẹni tí àṣeyege yóò gbé ga máà jẹ́ ẹni tí yóò ka iye.

(v) Gbé ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀nà tí ó tọ́. Ọ̀gá ẹni ni a kọ́kọ́ ń sọ fún, ní ìwé, pẹ̀lú déètì. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀gá náà ni ọ̀rọ̀ kàn, ẹni tí ó ga jù ú lọ ni, tàbí ẹ̀ka tí ó ń ṣe àyẹ̀wò. Kí a má gbé e lọ sí ilé ọtí, kí a má sì sọ ọ́ di òfófó.

(vi) Gbọ́ tẹnu ẹni tí a fẹ̀sùn kàn. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ó lè ní àlàyé. Ó lè jẹ́ pé wọ́n fipá mú un.

(vii) Sọ fún àwọn tí ó ti lo àkọsílẹ̀ náà. Bí wọ́n bá ti fi í gbé ẹnìkan ga, tí wọ́n fi í yan ẹnìkan sí iṣẹ́ eléwu, wọ́n gbọ́dọ̀ gbọ́ pé iye náà ti yí padà. Ìgbésẹ̀ yìí ni a sábà máa ń gbàgbé. Ìwé tí a tún ṣe nínú kọ́bọ́ọ̀dù kò ran ẹni tí ó ti ka ti àkọ́kọ́ lọ́wọ́.

(viii) Tọ́jú ohun tí ó bí i. Bí iṣẹ́ bá ju àkókò lọ, kí a dín in kù. Bí ìjìyà fún máàkì kékeré bá pọ̀ ju ti irọ́ lọ, àwọn ènìyàn yóò máa yan irọ́. Kí ẹni tí ó sọ òtítọ́ pé òun kùnà rí àyè gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i. Kí ẹni tí ó purọ́ jíhìn.

8.0 Láti bárékè dé kíláàsì

Kò sí ìgbésẹ̀ kan nínú mẹ́jọ wọ̀nyí tí kò kan akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́. Nígbà ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́, a ó fún un ní rẹ́jísítà àti ìwé máàkì. Ilé-ẹ̀kọ́ máa ń fi máàkì ìgbéléwọ̀n àtìgbàdégbà ránṣẹ́ sí WAEC. Ẹni tí ó ń gbà á níbẹ̀ kò rí ọmọ náà rí. Bí olùkọ́ bá jókòó lálẹ́ ọjọ́ tí ó kẹ́yìn, tí ó kọ 18, 17, 19 síwájú àwọn ọmọ tí kò dán wò, ohun tí sájẹ́ǹtì yẹn ṣe ni òun náà ṣe. Òfin ọdún 1999 tí ó de ìwà màgòmágó nínú ìdánwò ní Nàìjíríà pèsè ìjìyà fún àgbà tí ó bá lọ́wọ́ nínú rẹ̀, kì í ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́ nìkan.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan tí a fi ọgbọ́n orí gbé kalẹ̀. Ká ní ìyá kan ní Iléṣà wá bá olùkọ́ eré ìdárayá. Ọmọ rẹ̀ fẹ́ gba fọ́ọ̀mù iṣẹ́ ológun, ó sì nílò ìwé láti ilé-ẹ̀kọ́. Ìyá náà ní, 'Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ yín náà ni. Ẹ bá mi kọ ọ́ pé ó máa ń ṣe dáadáa nínú eré sísá.' Olùkọ́ mọ̀ pé ọmọ náà kì í sá ìyípo mẹ́ta tán kí ó tó jókòó. Ó lè dáhùn pé, 'Ìyá wa, ọmọ mi ni lóòótọ́, ìdí nìyẹn tí n kò fi ní kọ ohun tí yóò ṣe é léṣe. Bí wọ́n bá mú ìwé mi, wọn yóò ní kí ó sá a níwájú wọn. Ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ lọ rí dókítà, kí ó sì máa wá bá mi ní pápá láàárọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, a ó wọ̀n ọ́n. Ohun tí ó bá ṣe ni màá kọ.' Olùkọ́ yìí kò lé ìyá náà lọ. Ó fún un ní ohun tí ìwé ayédèrú kò lè fún un: ọmọ tí ó lè sáré, tàbí àìsàn tí a tètè rí.

Àwa tí a ń kọ́ àwọn olùkọ́ ní ojúṣe tiwa pẹ̀lú. A kò lè máa béèrè ètò ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láàárín ọjọ́ méjì, kí a wá máa ṣe bí ẹni pé a kò mọ̀ pé ó kọ ohun tí kò kọ́ ọmọ. Ọjọ́ 297 nínú ọjọ́ 256 wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì náà.

9.0 Ìgúnlẹ̀

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti ya àṣìṣe sọ́tọ̀ kúrò lára ayédèrú, a ti fi hàn pé iṣẹ́ àpọ̀jù, ìbẹ̀rù, àánú òdì àti ipò tí kò ní òmìnira ni ó sábà máa ń bí i, a sì ti to ìgbésẹ̀ mẹ́jọ tí a lè gbé. Àbá wa ni pé kí kọ́lẹ́ẹ̀jì ètò ẹ̀kọ́ kọ́ akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ bí a ṣe ń ṣe àtúnṣe nínú ìwé máàkì ní gbangba, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń kọ́ ọ bí a ṣe ń kọ ètò ẹ̀kọ́. Kí olùkọ́ méjì máa jọ di aago àti ìwé mú nígbà ìdánwò eré ìdárayá. Kí ilé-ẹ̀kọ́ wọn pápá rẹ̀ kí ó tó pe é ní 400 mítà. Kí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ sì máa gba máàkì kékeré pẹ̀lú ìbéèrè pé kí ni a lè ṣe fún ọmọ yìí, kì í ṣe pé ta ni ó jẹ́ kí èyí jáde.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Fún ológun, ọjọ́ náà lè jẹ́ ọjọ́ ogun. Fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ó lè jẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá ní kí ó ṣe ohun tí ìwé rẹ̀ sọ pé ó lè ṣe. Olùkọ́ tí ó kọ 45 sí ibi tí 45 wà ti jẹ́ kí ọmọ náà mọ iye èbù tí ó wà nínú ebè rẹ̀ nígbà tí àkókò gbíngbìn kò tíì kọjá.